Wáyà Òjò Láti Kánò

Ní agboolé Alápákó ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ìyàwó ilé bá fọ aṣọ tán, kì í kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Ojú Ìyá Hàwáwù ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí ìyá náà bá ń fi ẹni tó ń kọjá ṣe yẹ̀yẹ́, ó yá, ẹ sá aṣọ. Bí ó bá dákẹ́, tó ń fọwọ́ pa orúnkún òsì, kí oníkálukú yáa wá ibi tí yóò fi aṣọ sí nínú yàrá.

Alágbàfọ̀ ni. Agbádá funfun àwọn bàbá tó ń ṣòwò ní Ìdúmọ̀tà ló ń fọ̀, ó ń rì wọ́n sínú búlùú, ó sì ń fi sítáàṣì sí wọn títí agbádá yóò fi lè dá dúró láìsí bàbá kankan nínú rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń bá òòrùn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó mọ ìwà òòrùn ju bó ṣe mọ ìwà olóògbé ọkọ rẹ̀ lọ, òòrùn sì máa ń wálé lásìkò.

Ohun tí ìyá tó bí i kọ́ ọ ló ń lò. Bí èèrà bá ń gbé ẹyin gun ògiri, kó aṣọ nílẹ̀. Bí alápàńdẹ̀dẹ̀ bá ń fò nílẹ̀ nílẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣí fìlà lórí èèyàn, òjò ti wọ ọkọ̀. Bí iyọ̀ bá ń làágùn nínú abọ́ àwọn oníyọ̀ ní ọjà Sandgrouse, òjò ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí èéfín ààrò bá nàró ṣánṣán, tí lékelèke sì ti dé, fọ aṣọ rẹ, fọ ti aládùúgbò mọ́ ọn. Èyí tó wá borí gbogbo rẹ̀ ni orúnkún òsì yẹn, tó máa ń ro ó bí òjò bá ku ọjọ́ kan.

"Ìdí mi náà máa ń sọ tirẹ̀," ni Hàwáwù máa ń wí, tí yóò sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀, "ṣùgbọ́n èmi kì í sọ ìyẹn fún oníbàárà."

Ní oṣù Ọ̀kítóbà ọdún tí à ń wí yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ló wà nílẹ̀. Yìgì Memunat ló wà nílẹ̀.

Memunat ni ọmọ àkọ́bí Hàwáwù bí. Ìyá rẹ̀ kú níbi tó ti fẹ́ bí i, bàbá rẹ̀ sì bá àwọn sójà lọ sógun Bọ́mà nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Bàbá náà kò padà. Nígbà tí ogun parí, ọmọ Òkè-Pópó kan tí wọ́n jọ lọ wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ọkọ̀ tó gbé e ni ìbọn ńlá bà, òun fojú ara òun rí iná rẹ̀. Wọ́n ṣe sàráà. Láti ọjọ́ náà ni Hàwáwù ti pàṣẹ fún tilé toko pé kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ tí ọmọ òun mú tọ̀run wá létí òun mọ́. Bí ó bá di dandan, kí wọ́n pè é ní bàbá Memunat. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí orúkọ yẹn fi kúrò lẹ́nu gbogbo ilé.

Ṣàíbù kápẹ́ńtà, àbúrò bàbá Memunat, ló tọ́ ọmọ náà. Òun ni yóò sì fà á lé ọkọ lọ́wọ́.

Ọkọ ni Mọ̀núrù, ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ kò tó ẹnu ìyá rẹ̀. Aláṣọ ni Ìyá Mọ̀núrù ní Ìdúmọ̀tà, ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́nà Adéníji Adélé, ó sì ti ní in lọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀ pé inú pálọ̀ òun ni kí wọ́n ti so yìgì.

"Àrọ̀kúrò ò tíì rọ̀ tán," ló wí. "Òjò ìkẹyìn ọdún kì í kí èèyàn kó tó wọlé. Léèsì tí èmi máa ró kì í ṣe ohun tí òjò ń bà."

Hàwáwù na ọwọ́ sí àgbàlá. "Ṣé ọmọ tèmi ò nílé ni? Àgbàlá bàbá rẹ̀ nìyí. Bàbá ò sí, ó dáa, àgbàlá wà. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti so ó, kó má di pé lọ́la ẹnì kan á sọ fún un pé inú pálọ̀ òun ló ti rí ọkọ."

"Bí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́, Ìyá?"

"Bí ẹ̀kán òjò kan bá kàn yín lórí ní àgbàlá yìí ní Sátidé, ẹ gbé ọmọ máa lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín, èmi fúnra mi ni n óò ru ẹní tẹ̀ lé yín."

Ó mọ ohun tó ń wí. Ọjọ́ méje ló ti fi ń wo òkè, tó ń wo ilẹ̀. Àrọ̀kúrò ti lọ. Èèrà jókòó sílé wọn jẹ́jẹ́, lékelèke ti dé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí Ṣàíbù háyà tapólì.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú yìgì, lẹ́yìn ìrun, ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ láti pósí-ọ́fíìsì dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé, ó ní wáyà dé fún Hàwáwù láti Kánò.

Ọwọ́ gbogbo àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀wà dúró gbagidi. Wáyà! Ta ló máa ń tẹ wáyà bí kò bá ṣe pé èèyàn kú? Kánò sì rèé, Tìjání àbúrò Hàwáwù tó ń ta obì gòrò ni èèyàn kan ṣoṣo tí wọ́n ní níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ya ìwé, ẹnì kan ti ká ọwọ́ lérí, òmíràn ti ń tú gèlè. Hàwáwù fúnra rẹ̀ ti jókòó sínú abọ́ ẹ̀wà tí wọ́n ti bó, kò sì mọ̀.

"Ẹ pe Gbénga wá! Ẹ pe akọ̀wé!"

Gbénga, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè, ló háyà yàrá iwájú. Ó jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó gba ìwé, ó tú u. Ó wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó. Lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: OJO MBO SATIDE TIJANI.

"Màmá, kò sẹ́ni tó kú," ló wí.

"Àlùhámúdù lílá!"

"Ṣùgbọ́n òjò ń bọ̀ ní Sátidé."

"Kí lo wí?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Òjò ń bọ̀ Sátidé. Bọ̀dá Tìjání ló fọwọ́ sí i."

Ẹ̀rù tó ba Hàwáwù nígbà tó rò pé èèyàn kú, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Òjò? Ní Sátidé? Láti Kánò?

"Tún un kà, ìwọ ọmọ yìí. Bóyá ó ní díẹ̀ ni yóò rọ̀."

"Màmá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, orúkọ àbúrò yín sì ni ìkan nínú rẹ̀."

"Báwo ni Tìjání ṣe máa mọ òjò Èkó láti Kánò?"

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn rántí. Ṣebí Tìjání ló máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ̀gbẹ́ pápá ọkọ̀ òfurufú ni ìsọ̀ gòrò òun wà, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń fi ife gbe òjò, tí wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń sọ òjò ọ̀la lónìí. Ṣebí Hàwáwù ló ní kí Gbénga bá òun kọ̀wé ìkésíni sí i, tó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ òjò nìkan ló ń da òun láàmú. Àbúrò rere! Ó ti lọ bi àwọn òyìnbó léèrè.

"Ná wà o," ni Gbénga wí, ó ń gbọn orí. "Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀."

Kí wọ́n tó kó ẹ̀wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà Adéníji Adélé lọ. Kí wọ́n tó gbọn èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí Hàwáwù kúrò, Ìyá Mọ̀núrù ti dé, mímí ló ń mí helehele.

"Ìyá, mo gbọ́ pé wáyà dé."

"Wáyà dé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbá pálọ̀."

"Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ ná, àna mi. Ẹ wo òkè. Kí lẹ rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Ẹ wo ògiri yìí. Èèrà dà?"

"Ìyá, ẹ má bínú o, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ń bá yín sọ̀rọ̀ òyìnbó tó ní ẹ̀rọ, ẹ̀yin ń bá mi sọ̀rọ̀ èèrà."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ìtìjú gun Hàwáwù dé etí. Ogójì ọdún! Kò sí ẹni tó bú sẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ òjò òun. Ṣùgbọ́n ó rí Memunat tó yọjú láti yàrá, tí lálì kò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà mi orí sí ìyá àgbà rẹ̀ pé rárá, òun kò lọ.

"Ẹ gbọ́," ni Hàwáwù wí. "Ọ̀rọ̀ tí a sọ kò yí padà. Ẹ̀kán kan ṣoṣo, ẹ gbé e lọ. Bí kò bá sí ẹ̀kán kankan títí tí Lèmọ́mù á fi la ẹnu, ibí yìí náà ni."

"Mo gbà," ni Ìyá Mọ̀núrù wí. "Ṣùgbọ́n agboòrùn la máa gbé wá."

Nígbà tó lọ tán, ni ẹ̀rù tó ba Hàwáwù gan-an wá jókòó. Ó sáré lọ sí Sandgrouse, ó ki ọwọ́ bọ abọ́ iyọ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Iyọ̀ gbẹ táútáú. Oníyọ̀ ní kó rà á tàbí kó yọ ọwọ́. Ó padà sílé, ó dúró ti ààrò. Èéfín nàró bí ẹni tí wọ́n fún ní sítáàṣì. Ó kúnlẹ̀, ó wá èèrà kiri lábẹ́ àmù, àwọn tó rí i rò pé owó ló sọnù. Níkẹyìn ó jókòó, ó gbá orúnkún òsì rẹ̀ lábàrá.

"Sọ̀rọ̀! Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ sùn lo máa ń pariwo. Ṣé yóò rọ̀ àbí kò ní rọ̀?"

Orúnkún kò fèsì. Láti ọdún tó ti ń bá a gbé, kò le koko bẹ́ẹ̀ rí. Ó lè fi í jó. Gbogbo ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ló ń sọ pé gbígbẹ ni, ìwé kékeré kan ló ń sọ pé òjò ni, ọkàn rẹ̀ sì ti ń tẹ̀ síbi ìwé. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù lọ.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, ojú ọ̀run sì mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹní kún àgbàlá. Nígbà tí òòrùn gun òkè díẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ wọlé, gbogbo wọn lábẹ́ agboòrùn dúdú, bí ogún, nínú òòrùn tó lè dín àkàrà. Òógùn bo Ìyá Mọ̀núrù, léèsì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò pa agboòrùn dé. Gbénga wọ kóòtù òjò dé kókósẹ̀. Lèmọ́mù jókòó, ó wo agboòrùn, ó wo òkè, ó ṣe "súbùhánà-láhì" jẹ́jẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni.

Hàwáwù dúró ti ògiri, ó ń ka èémí. Ó ku díẹ̀. Kí Lèmọ́mù ṣáà ti la ẹnu.

Ṣàíbù sún síwájú, Mọ̀núrù sún síwájú. Lèmọ́mù wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ kú ìnáwó o," ni ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ọkùnrin kan ni, ó fi igi há abíyá, ó gbé àpótí páànù kékeré lọ́wọ́ kejì, ó wọ kóòtù sójà tó ti ṣá. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ọ̀tún ṣófo láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ kó o jọ. Gbénga tó wà nítòsí ló dá a lóhùn.

"Ta lẹ̀ ń wá, sà?"

"Ṣé wáyà ò dé ni? Lójú mi ni Bọ̀dá Tìjání tẹ̀ ẹ́ ní Tọ́sìdeè, kí n tó wọ rélùwéè."

"Wáyà dé. Òjò ló wà nínú rẹ̀."

"Òjò kẹ̀?" Ọkùnrin náà gbé àpótí sílẹ̀. "Òjó! Òjó ń bọ̀ Sátidé. Èmi ni Òjó!"

Gbogbo agboòrùn dúró sójú kan. Gbénga fa ìwé náà yọ nínú kóòtù òjò rẹ̀, ó wò ó, ètè rẹ̀ ń mì: Òjò. Òjó. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni, pósí-ọ́fíìsì kò sì fi àmì kankan sí i. Ó wolẹ̀ bí ẹni tó ń wá ihò tí yóò wọ̀.

Nígbà tí Hàwáwù bí àkọ́bí rẹ̀ ní yàrá ọ̀tún agboolé yẹn, ìwọ́ rẹ̀ fi ọrùn rẹ̀ ṣe gèlè, agbẹ̀bí kò sì tíì tú u tán tó fi pe orúkọ rẹ̀. Alùfáà sọ ọ́ ní Jíbrílù lọ́jọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n ta ló pè é bẹ́ẹ̀? Òjó ni. Òjó ni wọ́n ń pè é títí dé ọjọ́ tó wọ bàtà sójà. Orúkọ tí Hàwáwù lé kúrò lẹ́nu gbogbo ilé ló wọlé wá nínú wáyà, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn, wọ́n kà á sí òjò.

Àwọn obìnrin méjì ti fò fẹ̀ǹsì. Ẹnì kan ń ka Áyátùlì-Kúrúsíyù sókè. Hàwáwù kò lè sáré, kò lè pariwo. Ó kàn gbọ́ tí nǹkan lọ́wọ́ọ́wọ́ ń ṣàn gba itan rẹ̀ lọ sílẹ̀ sórí yanrìn, ó ń ṣàn, kò dáwọ́ dúró. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Òun náà ló kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tó yá, tó máa ń wí pé òjò kúkú rọ̀ ní àgbàlá lọ́jọ́ náà, àmọ́ kò kan Ìyá Mọ̀núrù lórí.

Ó wọ́ ẹsẹ̀ títí ó fi dé iwájú ọkùnrin náà. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó gbọ́ òórùn òógùn àti sìgá àti gòrò lára rẹ̀. Òkú kì í làágùn.

Ó gbá a létí, gbà!

"Màmá," ni Òjó wí.

"Níbo lo wà?"

"Kánò."

"Kánò! Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ogun parí. Ẹsẹ̀ yìí ni, Màmá. Mo ní kí n kọ́kọ́ dá dúró bí ọkùnrin kí n tó wálé. Mo ń rán tìmùtìmù. Ọdún ń gun orí ọdún. Bọ̀dá Tìjání ṣèèṣì wá ra tìmùtìmù lọ́wọ́ mi ní Ọjọ́rú ni. Ó pariwo títí ọjà fi pé lé wa lórí. Ó ní ọmọ mi ń relé ọkọ."

Hàwáwù tún gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ kò lè lu mọ́, ó bà lé èjìká kóòtù, ó sì di í mú.

Lèmọ́mù wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. "Ṣé bàbá ọmọ nìyí? Bó bá jẹ́ òun ni, Ṣàíbù ò lè fa ọmọ yìí fún ẹnikẹ́ni mọ́, àfi bí bàbá bá fún un láṣẹ."

Ìyá Mọ̀núrù dìde. "Ẹ jẹ́ ká gbé e sí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára wa. Kí a lọ ṣe é ní pálọ̀ mi, ní ìdákẹ́jẹ́."

"Yé!" ni gbogbo ènìyàn ké, kì í ṣe sí i. Memunat ló jáde. Ìyàwó, lọ́jọ́ yìgì, kí wọ́n tó so ó, tó jáde sí gbangba láàárín àwọn ọkùnrin! Ìbòrí rẹ̀ ti yọ̀ sí èjìká. Ó dúró níwájú ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó wo ibi tí ẹsẹ̀ kò sí.

"Ẹsẹ̀ yín dà?"

"Ó wà ní Bọ́mà."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Kí ló dá yín dúró ní Kánò?"

"Ojú ló tì mí."

"Ọdún mẹ́wàá?"

Omi ń bọ́ lójú Òjó, kò nu ún, nítorí ọwọ́ kan wà lára igi, ìyá rẹ̀ sì di èjìká kejì mú.

"Bọ̀dá Ṣàíbù ló ra bàtà fún mi," ni Memunat wí. Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. "Òun ló máa fà mí lé wọn lọ́wọ́. Lónìí. Níbí. Ẹ̀yin, ẹ lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Wọ́n ti rò pé ọkùnrin náà yóò bínú. Ṣàíbù pàápàá ti dorí kodò.

"Lèmọ́mù," ni Òjó wí, "mo fún àbúrò mi láṣẹ. Kó fà á fún wọn."

Wọ́n gbé àpótí páànù sún mọ́ ẹní, wọ́n mú Òjó jókòó lé e. Ẹnì kan gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Mọ̀núrù wo Lèmọ́mù, ó wo pálọ̀ rẹ̀ lọ́kàn, ó wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó sì pa agboòrùn rẹ̀ dé. Àwọn tó kù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, pà, pà, pà.

Ibi tí Hàwáwù ti ń bọ̀ wá jókòó sójú yìgì tó jà fún yìí, ni ìyàwó Ṣàíbù ti fà á létí aṣọ.

"Ìyá Àgbà, ìró yín."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti tutù, Ìyá."

Wọ́n fà á wọ yàrá. Ó tú ìró, ó tú yẹ̀rì, ó ṣí àpótí, kò rí ohun tó ń wá. Láti ìta ló gbọ́ ohùn Ṣàíbù tó ń fa ọmọ fún wọn. Ó gbọ́ ohùn Mọ̀núrù pé òun gbà. Ó gbọ́ àmín tí gbogbo àgbàlá ṣe, tó mi páànù orí ilé. Wọ́n ti so ó. Wọ́n ti so yìgì Memunat ní àgbàlá bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ jókòó níbẹ̀, Hàwáwù nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èwo ló wá ṣáájú.

"Màmá!" ni ohùn kan ké láti ìta. "Ẹ ò jáde wá ṣàdúà?"

"Ṣé orí ẹ pé?" ni Hàwáwù ké padà. "Ìhòhò ni mo wà!"